Ihò Ara Búlúù

3.

…títí yóò fi ki bí ògì. Ẹ fi àkísà kùn ún sára gíláàsì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹnì kan jáde síta, kí ẹnì kan tan fìtílà nínú yàrá. Bí ẹni tó wà níta bá ṣì rí iná, iṣẹ́ ò tíì parí.

(Bàbá àgbà ló sọ ọ́, Màrdíyyàh ló kọ ọ́. Apá òkè ìwé náà ti ya. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: búlúù ìfọṣọ, hóró mẹ́fà. Ògì tútù, ife kan. Omi, díẹ̀díẹ̀.)


4.

ÌKÉDE FÚN ÀWỌN ÒBÍ
Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rélùwéè, Agége
Prámárì Fáìfù

Ní sáà yìí, a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa bí àwọn ará ilé ṣe gbé ayé nígbà ogun abẹ́lé. Kì í ṣe ti ojú ogun. Ti inú ilé: kí ni wọ́n jẹ, kí ni wọ́n gbọ́, kí ni wọ́n fi pamọ́, báwo ni ọmọdé ṣe ṣeré. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ láti kà fún kíláàsì.

Ní Tọ́sìdè tó ń bọ̀, àgbàlagbà méjì tó jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí nígbà náà yóò wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. A ó kun fèrèsé kíláàsì ní búlúù bí wọ́n ṣe ń kùn ún nígbà náà.

Àwọn àgbàlagbà náà ni:
Bàbá Yẹ̀kínì (bàbá àgbà Màrdíyyàh)
Alàgbà Ọlọ́runníyì (bàbá àgbà Divine)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọmọ ní àkísà kan, àti aṣọ tí kò ní dùn yín bí búlúù bá ta sí i.

Fúnmilọ́lá, olùkọ́ kíláàsì


5.

Yẹ̀kínì ka ìkéde náà dé orúkọ kejì, ó ká a pọ̀, ó dá a padà sínú báàgì ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún tíṣà yín pé ara mi ò yá."

"Ara yín yá, Bàbá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán ni."

"Ikùn ló jẹ ẹ̀bà. Ara ni mo ní kò yá."


6.

ÀWỌN TÍ BÀBÁ MI ÀGBÀ KÌ Í KÍ
(Màrdíyyàh kọ ọ́ fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Tíṣà fi pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: Èyí kọ́ ni mo béèrè, àmọ́ mo kà á tán.)

Wahab télọ̀. Ó gé ṣòkòtò Iléyá kúrú. Kí wọ́n tó bí mọ́mì mi.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀gún tó pè wọ́n ní "ìwọ ọkùnrin yìí" níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá náà ti kú. Kò yí nǹkan padà.

Ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn nínú rédíò. Bàbá ò sọ ìdí rẹ̀.

Alàgbà Ọlọ́runníyì. Láti 1967.


7.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Yẹ̀kínì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi po ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀rẹ̀gún. Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, kò sí èyí tí kò lè fojú lásán pò kó bára mu. Búlúù nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Bí iṣẹ́ búlúù bá dé, á ní àyà ń dun òun. Wọ́n rò pé èròjà rẹ̀ ló ń bá a jà, wọ́n sì ń fún un ní mílíìkì mu.

Prámárì Fáìfù ló ti fi ìwé sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí Màrdíyyàh ń lọ yìí gan-an ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ lọ sí ìdí rélùwéè, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú gééti. Ọ̀nà náà fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìn ju èkejì lọ. Ó ti ń gbà á láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ènìyàn lè ṣírò iye wákàtí tí ìyẹn jẹ́. Yẹ̀kínì ò ṣírò rẹ̀ rí. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni.


8.

OHÙN, LÓRÍ WÁTSÁÀPÙ
(Yẹ̀kínì kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ títẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú ń bí ènìyàn.)

TÍṢÀ FÚNMILỌ́LÁ: Ẹ káàárọ̀ sà. Màrdíyyàh ní ara yín ò yá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

YẸ̀KÍNÌ: Ẹ ṣeun. Ara mi á yá tí ẹ bá yọ orúkọ kan kúrò.

TÍṢÀ: Orúkọ ta ni, sà?

YẸ̀KÍNÌ: Méjì péré ni wọ́n, tíṣà. Ọ̀kan jẹ́ tèmi.

TÍṢÀ: Bàbá, Alàgbà ni wọ́n ní kí n pè yín o. Wọ́n ní bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, àwọn ò ní lè sọ ọ́ dáadáa.

YẸ̀KÍNÌ: Èmi wà níbẹ̀ ní 1967. Ṣé ó sọ ọ́ dáadáa?

TÍṢÀ: Kí ni wọ́n sọ nígbà náà, sà?

(Ohùn tó tẹ̀lé èyí gùn tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Jẹnẹrétọ̀. Àkùkọ kan.)


9.

BÍ YẸ̀KÍNÌ ṢE SỌ Ọ́ FÚN MÀRDÍYYÀH

Ilé kan náà ni a ń gbé, yàrá mẹ́fà tó kọjú síra wọn. Bàbá mi, bíríkìlà láti Ògbómọ̀ṣọ́, wà ní yàrá kejì. Ìyá Ọlọ́runníyì, Aládùúrà, wà ní yàrá karùn-ún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni gbogbo wa ní, fèrèsé gíláàsì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ó kọjú sí rélùwéè. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni àwa ọmọ kéwú ń jókòó sí. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ìyá Ọlọ́runníyì ń kúnlẹ̀ sí.

Ìjọba ní kí iná ẹnikẹ́ni má ṣe hàn síta láti ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà mọ ibi tí ìlú wà. Gbogbo ilé fi búlúù kun gíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ wá yan olùṣọ́ iná mẹ́rin nínú Prámárì Fáìfù, ká máa yí àdúgbò wò. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wa lápá. Mo ń fi tèmi sùn.

Lẹ́yìn Màgáríbì ọjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ àgbà kan rí iná lójú fèrèsé ilé tiwa. Ní òwúrọ̀, hẹdimásítà béèrè níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ọlọ́runníyì nawọ́. Ó ní, "Fìtílà kéwú Yẹ̀kínì ni, sà."

Irọ́ ni. A ò tan fìtílà lọ́jọ́ náà. Àbẹ́là méje ìyá rẹ̀ ni, tó ń tàn fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ sójà.

Pàṣán méjìlá. Wọ́n já aṣọ pupa kúrò lápá mi. Mo gba gééti jáde. Bàbá mi nà mí, mi ò padà. Ìyá mi sunkún, mi ò padà.

Ó tán.


10.

Kò tán.


11.

OLÙṢỌ́ INÁ, PRÁMÁRÌ FÁÌFÙ, 1967

Mọ́ńdè: Ọlọ́runníyì
Túsìdè: ————
Wẹ́sìdè: Ọládùnní
Tọ́sìdè: ————

(Ìwé yìí ò sí mọ́. Yẹ̀kínì mọ̀ ọ́n sórí. Orúkọ méjì ni wọ́n fi yíǹkì pa rẹ́ níbẹ̀. Èkejì jẹ́ tirẹ̀.)


12.

OHUN TÍ BÀBÁ RÁNTÍ
(bó ṣe ń pè é ni Màrdíyyàh ń kọ ọ́)

a. Iyọ̀. Ìyá mi ń pọ́n ọn sínú ewé, ó ń so ó mọ́ àjà. Bí ẹ bá tọ́ ọbẹ̀ wò láìtọrọ àyè, ẹ ti jẹ iyọ̀ ọ̀la.

b. Asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí kan ni lára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́. Ìyá Ọlọ́runníyì á di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ó ń fetí sílẹ̀ fún orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kóun má gbọ́ ọ.

d. Pańla. A ò rí i mọ́. Àwa ọmọdé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará ilé tó lọ sí ìdálẹ̀.

e. Eré. Igi pákí ni ìbọn. Ẹni tó bá kú á ka ení títí dé ogún, á jí.

ẹ. Yàrá kẹrin. Uche

(Ibẹ̀ ni Bàbá ti dúró. Ó ní kí n lọ bu omi wá. Nígbà tí mo dé, ó ní òun ti parí.)


13.

ÀRÒKỌ: OGUN NÍNÚ ILÉ WA
Láti ọwọ́ Màrdíyyàh

…Ẹni tó purọ́ mọ́ bàbá mi àgbà ṣì wà láyé. Ó ń wọ aṣọ funfun. Òun ni bàbá àgbà Divine. Nítorí rẹ̀ ni bàbá mi àgbà kò fi di dókítà. Èmi náà kò ní máa kí i. Divine ni ó jókòó tì mí tẹ́lẹ̀. Mo ti kó ìwé mi lọ sí àga ẹ̀yìn.

(Pupa, nísàlẹ̀: Ó já geere. O ó kà á ní Tọ́sìdè. Ta lo tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí Bàbá?)


14.

Ìwé pélébé kan, nínú báàgì Màrdíyyàh:

Kí ni mo ṣe. Ìparẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣé a ò ní jọ máa lọ sílé mọ́ ni. Divine

Lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ̀wé mìíràn:

Lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ àgbà.

Màrdíyyàh ò tíì fi í ránṣẹ́.


15.

Owó ìwé ni Yẹ̀kínì fẹ́ fi sínú báàgì náà tó fi rí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mọ ìkanra tó wà nínú ìlà kejì yẹn bí ẹni mọ aṣọ ara rẹ̀ lórí okùn. Ọmọ náà ti jọ ọ́ nímú tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ó tún fẹ́ jọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pè é.

"Níbo lo ń gbà ti ilé ẹ̀kọ́ dé báyìí?"

"Ẹ̀yìn ọjà ni, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Divine ń gba iwájú."


16.



○



17.

Ihò kan wà lára búlúù náà. Yẹ̀kínì ò sọ ọ́ fún Màrdíyyàh. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ títí ìyẹn fi kú. Kò sọ ọ́ fún hẹdimásítà ní pàṣán kìíní, kò sì sọ ọ́ ní pàṣán kejìlá. Ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà, bó bá rí búlúù nínú agbada, ihò ló ń rí níbẹ̀.

Bó bá sọ ọ́, kí ló kù tó máa fi bínú?

Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ yóò dìde ní Tọ́sìdè, yóò kà á.


18.

OHÙN, LÓRÍ WÁTSÁÀPÙ

YẸ̀KÍNÌ: Tíṣà. Ara mi ti yá. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.


19.

TỌ́SÌDÈ, AAGO MÉJÌLÁ KÙ DÍẸ̀
(láti inú fóònù Tíṣà Fúnmilọ́lá, àwọn ọmọ ti kun fèrèsé tán, búlúù wà lára fèrèsé, lára àga, lára ara wọn)

TÍṢÀ: Ẹ kí àwọn bàbá.

ÀWỌN ỌMỌ: Ẹ káàsán sà. Ẹ káàsán sà.

(Alàgbà Ọlọ́runníyì wà ní apá ọ̀tún pátákó, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Yẹ̀kínì wà ní apá òsì. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n jọ ń wò.)

ỌMỌ KAN: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé fóònù wà nígbà ogun?

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Kò sí.

ỌMỌ KAN: Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ogun ń jà?

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Ọbẹ̀ ló sọ fún wa.

(Ẹ̀rín. Yẹ̀kínì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó húkọ́.)

TÍṢÀ: Ó dáa. Màrdíyyàh, dìde, ka tìẹ.

MÀRDÍYYÀH: "Ogun nínú ilé wa. Ẹni tó purọ́ mọ́…"

YẸ̀KÍNÌ: Jókòó.

MÀRDÍYYÀH: Mi ò tíì kà á, Bàbá.

YẸ̀KÍNÌ: Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ. Mo sọ ọ́ kù.

(Àga ń dún.)

YẸ̀KÍNÌ: Ẹ wo fèrèsé tí ẹ kùn yẹn. Tí mo bá tan àbẹ́là méje síbí, ṣé ẹni tó wà níta á rí i?

DIVINE: Kò lè rí i, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì la kùn ún.

YẸ̀KÍNÌ: Ẹ̀ẹ̀mejì làwa náà kùn ún. Báwo ni ẹ̀ṣọ́ wá ṣe rí i?

(Yẹ̀kínì rìn lọ sí ìdí fèrèsé.)

YẸ̀KÍNÌ: Ẹ yá mi ní bírò.

TÍṢÀ: Bàbá, bírò mi nìyẹn.

(Nǹkan ń ha gíláàsì.)

YẸ̀KÍNÌ: Báyìí ló rí. Kò ju kọ́bọ̀ kan lọ. Ìṣó ni mo fi ha á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí ẹ̀ṣọ́ tó kọjá. Èmi olùṣọ́ iná. Àbẹ́là jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ihò jẹ́ tèmi.

MÀRDÍYYÀH: Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

YẸ̀KÍNÌ: Mi ò sọ ọ́ fún ara mi pàápàá.

DIVINE: Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀, sà?

YẸ̀KÍNÌ: Uche. Yàrá kẹrin ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Olùṣọ́ iná ọjọ́ Túsìdè ni. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo gbogbo Ìgbò tó wà ní àdúgbò, bí ẹni pé bàbá kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ló ń wa ọkọ̀ òfuurufú. A jí lọ́jọ́ kan, a ò bá wọn. Ó ti sọ fún mi ṣáájú. Ó ní ọ̀nà rélùwéè làwọn máa gbà padà. Ó ní kí n máa wò.

(Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè lójú títì.)

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Ihò yẹn ga.

YẸ̀KÍNÌ: Kí lo sọ?

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Mo ní ó ga. Ìwọ ga, o ha á sí ibi ojú ara rẹ. Èmi ní láti gun àpótí.

YẸ̀KÍNÌ: Àpótí wo?

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Àpótí ìyá rẹ tó ń jókòó sí fọṣọ. Tí o bá ti lọ pọnmi, màá gùn ún. Ṣé ìwọ nìkan ló ń bá Uche ṣeré ni? Ta lo rò pé ó ń mú kó fẹ̀ sí i?

YẸ̀KÍNÌ: Mo rò pé búlúù yẹn ló ń ṣí fúnra rẹ̀.

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Èékánná mi ni.

(Ẹ̀rín ọmọ kan. Tíṣà ní kó dákẹ́.)

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Wọ́n ń sọ nígbà náà pé ẹni tó bá tan iná, ọ̀tá ló ń pè. Mo rò pé wọ́n máa wá mú ìyá mi. Bí mo bá ní àbẹ́là ni, ìyá mi. Bí mo bá ní ihò ni, èmi. Fìtílà kéwú ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n á kàn bá ẹ wí ni.

YẸ̀KÍNÌ: Méjìlá ni.

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Mo kà á.

YẸ̀KÍNÌ: O ò wá bẹ̀ mí.

ỌLỌ́RUNNÍYÌ: Níbo ni n bá ti rí ẹ? Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lo fi ń gba ẹ̀yìn ọjà. Mo dúró ní gééti yẹn títí ẹsẹ̀ mi fi di ẹsẹ̀ àgbà.



DIVINE: Sà. Ṣé Uche padà wá?

(Ibí ni bátìrì ti kú.)


20.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN TÍ BÁTÌRÌ KÚ

Divine: Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Màrdíyyàh: Wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́. Bàbá mi àgbà kàn bá Alàgbà di ọ̀pá wọn mú kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Wo ẹsẹ̀ ẹ, búlúù wà nílẹ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Tíṣà: Mi ò rí wọn. Mo ń wá bírò mi.

Yẹ̀kínì: Mi ò kí i o. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn bá a sọ̀rọ̀ ni.


21.

Nípa yàrá kẹrin: ìyá Yẹ̀kínì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa ní àárọ̀ tí wọ́n lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ẹrù wọn. Kò gbà kí onílé fi ẹlòmíràn síbẹ̀ títí ogun fi parí. Ó di ẹrù náà sínú aṣọ nígbà tó yá: ìkòkò méjì, páǹpù kẹ̀kẹ́ kan, ìwé kíkà Prámárì Fáìfù tó ní orúkọ lára. Wọ́n ti wó ilé náà. Ìyá ti kú. Ẹrù wà lábẹ́ ibùsùn Yẹ̀kínì, kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹrin wà nínú àpò rẹ̀.

Màrdíyyàh ti ń rò pé ti ibi iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ yẹn.


22.

Ìwé pélébé kan, nínú báàgì Divine:

Ìparẹ́ ẹ rèé. Mo ti lò ó díẹ̀. Dúró dè mí ní gééti.


23.

Tíṣà ní kí wọ́n fọ fèrèsé ní Fráìdè. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbàgbé omi sílé lẹ́ẹ̀kan náà.


1.

(lára ògiri kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọn ò tíì fọ̀, ìṣó kan wà lókè rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó)

OLÙṢỌ́ FÈRÈSÉ, PRÁMÁRÌ FÁÌFÙ

Ìlànà: Ẹ máa wò nígbà tí rélùwéè tuntun bá dúró. Bí bàbá àgbàlagbà kan bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń wo ilé ẹ̀kọ́ wa bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ pe tíṣà. Ẹ má pariwo. Ẹ lè dẹ́rù bà á.

Mọ́ńdè: Alàgbà Ọlọ́runníyì (àpótí wà)

Túsìdè: Uche (kó tó dé, gbogbo wa)

Wẹ́sìdè: Divine àti Màrdíyyàh

Tọ́sìdè: Bàbá Yẹ̀kínì. Ó ti dé lónìí. Gééti iwájú ló gbà wọlé.



○